Ìṣápá Kì Í Parọ́: Ìgbésí Ayé Àlájà Ṣìfáwù Kòfowórọlá Oyèdàmọ́lá, Ìyá Ọlọ́ṣẹ Ìsàlẹ̀ Ọba, Ìwó (1948–2025)

"Ṣé ìyá ọlọ́ṣẹ yẹn náà ni wọ́n ń..."

"Àwọn náà ni. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n... ọmọ orogún wọn, lọ́jọ́ tí sódà..."

"Ẹn-ẹn. Èmi náà gbọ́ ọ, pé wọ́n ní omi ni kí wọ́n..."

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ fún ẹni tó sọ fún..."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdún 2025, bí wọ́n ṣe ń gbé Àlájà Ṣìfáwù Kòfowórọlá Oyèdàmọ́lá lọ sí ilé ìkẹyìn. Ọmọ odídẹrẹ́ ni wọ́n ń pe ará Ìwó. Ohun tí odídẹrẹ́ bá gbọ́ náà ló ń sọ, kì í bù ú kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń fò kiri ìlú láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ parí rí.

Ẹbí Oyèdàmọ́lá ìbá fò ó nínú ìwé yìí. Àlájà Fàtímọ̀, ìyáálé olóògbé, ni wọ́n ní ká má fò ó, pé òkè pátápátá ni ká kọ ọ́ sí. Olóògbé fúnra wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan púpọ̀ láyé. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí títí ọlọ́jọ́ fi dé: kí ẹni tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà tún un sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá ẹbí ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ fara balẹ̀ kà á láti orí dé ìdí.

Ọdún 1948 ni a bí olóògbé ní Olúpọ̀nnà, nílé Sùmọ́nù Àkànbí, àgbẹ̀ kòkó. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé àgbàdo tuntun ti ń jáde. Ìyá wọn ni Ṣìnábù, ọmọ bíbí Kuta, tí wọ́n ń se ọṣẹ dúdú. Ṣìfáwù ni àlùfáà sọ wọ́n, Kòfowórọlá ni bàbá wọn ń pè wọ́n, Àbẹ̀jẹ sì ni oríkì wọn. Ọmọ méje ni ìyá wọn bí, àwọn ni ìkarùn-ún.

Olóògbé kò lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Ilé-kéú ni wọ́n lọ fún ọdún mẹ́rin. Ìyókù ẹ̀kọ́ wọn, lẹ́sẹ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ, nídìí ajere. Ajere ni ìkòkò tí a lu ihò sí nídìí. Wọ́n á kó eérú sínú rẹ̀, wọ́n á da omi lé e, omi náà á sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú igbá. Omi eérú yìí ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ epo títí epo á fi di ọṣẹ. Bí kò bá lágbára tó, epo á wà bó ṣe wà. Bó bá sì lágbára jù, ọṣẹ á máa bó èèyàn lára.

Ahọ́n ni àwọn ọlọ́ṣẹ ìgbà náà fi ń wọn agbára rẹ̀. Omi eérú igi ìdáná á kàn ta ahọ́n. Ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ á bù ú jẹ. Ti èèpo kòkó á bó o. Ìyá wọn fi ahọ́n wọn omi eérú títí wọn kò fi mọ ìgbà tí iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ mọ́. Ọmọ ló ń bá wọn tọ́ ọ wò.

Ní ọdún 1959, nígbà tí olóògbé jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n rẹ ìṣápá pupa sínú abọ́ funfun kan, irú ìṣápá tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń ṣe sóbò. Omi eérú kán sí i láti ara igbá. Ibi tó kán sí, pupa náà di àwọ̀ ewé. Wọn kò ké, wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n bu omi ìṣápá sí abọ́ mìíràn, wọ́n kán omi eérú ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, wọ́n wò ó. Wọ́n tún bu òmíràn, wọ́n kán ti kòkó sí i, wọ́n wo ìyẹn náà. Nígbà tí ìyá wọn dé láti oko, abọ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ ní ìtẹ̀léra, láti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí púpọ̀ dé èyí tó tutù bí ewé. Ìyá wọn fi ahọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bára mu. Ọjọ́ náà ni ahọ́n sinmi nílé Sùmọ́nù. "Ìṣápá kì í parọ́" di ọ̀rọ̀ ẹnu olóògbé láti ìgbà náà.

Ní ọdún 1967, wọ́n fẹ́ olóògbé fún Alfa Múráínà Oyèdàmọ́lá ti Ìsàlẹ̀ Ọba, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Alfa Mùrí. Wọ́n bá ìyáálé nílé, ìyẹn Fàtímọ̀, tó ti ń ta ọṣẹ àti kànìnkànìn lọ́jà Odò Orí. Ẹni tó ń tà pàdé ẹni tó ń sè. Àwọn ará àdúgbò ń retí ìjà orogún, wọn kò rí i. Ìyàwó á se ọṣẹ, ìyáálé á gbé e lọ sọ́jà, wọ́n á jọ jókòó jẹun nírọ̀lẹ́. Nígbà tí Àlájà Fàtímọ̀ bí Ọládùnní ní ọdún 1975, ẹ̀yìn olóògbé lọmọ náà ti mọ ayé, nítorí ìyá rẹ̀ ń lọ ọjà. Kó tó mọ a-bí-dí ló ti ń fi ọwọ́ yí ọṣẹ roboto.

Ní ọdún 1986, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ ológeere wá láti Kuta. Orúkọ rẹ̀ ni Fáṣínà, ọmọ ilé abọ̀rìṣà ni, iṣẹ́ tíṣà kẹ́mísìrì ló sì ń ṣe. Ó ti gbọ́ nípa ìṣápá. Ó mú àwọn béébà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ dání, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ìyá méjèèjì.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi béébà mi àti ìṣápá yín díje."

"Ẹ jókòó ná, tíṣà. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Olóògbé to abọ́ mẹ́ta síwájú rẹ̀: omi káún, omi eérú kòkó, àti omi sódà, ìyẹn kọ́sítíìkì tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, tí ọwọ́ kì í gbá mú. Tíṣà ki béébà bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn di búlúù.

Olóògbé wò ó. "Béébà yín ń kí gbogbo wọn bákan náà. Tèmi mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé."

Wọ́n kán omi ìṣápá sí i. Ti káún di àwọ̀ aró tó ń lọ sí ti ewé. Ti eérú kòkó di ewé tútù. Ti sódà kọjá ewé, ó di àwọ̀ ìyeyè. Tíṣà bọ́ fìlà, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀.

Àlájà Fàtímọ̀ kò fẹ́ kí orogún nìkan gba ìyìn. Wọ́n mú ẹyin adìyẹ wá, nítorí àwọn oníbàárà ọjà máa ń ní bí ẹyin bá léfòó lórí omi eérú, omi náà ti le nìyẹn. Ẹyin léfòó lórí omi eérú. Olóògbé lọ gbé iyọ̀ wá. Wọ́n po iyọ̀ sínú abọ́ kan, ó pọ̀ dáadáa, wọ́n gbé ẹyin kan náà lé e. Ó léfòó.

"Ìyáálé mi," wọ́n ní, "ṣé ká fi iyọ̀ se ọṣẹ lọ́la?"

"Ẹ̀ ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà níwájú àlejò," ni Àlájà Fàtímọ̀ wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Tíṣà ló ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní pípọ̀ ọ̀tọ̀, líle ọ̀tọ̀. Ẹyin ń wo bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú omi, kò mọ̀ bóyá ó le. Èèyàn lè da káún ẹ̀kún igbá sómi, káún náà ni yóò jẹ́, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń tú agbára sílẹ̀. Ìwọ̀nba sódà tí èékánná lè gbé, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń tú u sílẹ̀. Ó ní álíkálì tí kò le ni ti àkọ́kọ́, álíkálì líle ni èkejì.

Olóògbé rò ó. "Ó yé mi. Káún dà bíi mọ́sálásí tó kún dé ẹnu ọ̀nà, tí ẹni mẹ́ta péré ń ṣe àmín. Sódà, bí wọ́n jẹ́ ẹni mẹ́wàá péré, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń ṣe àmín."

"Èmi tí n kì í lọ mọ́sálásí," ni tíṣà fèsì, "ìyẹn ni mo máa fi kọ́ wọn ní kíláàsì lọ́la."

Lọ́jọ́ náà ló tún sọ ìyàtọ̀ bésì sí álíkálì fún wọn. Ó ní ohunkóhun tó bá lè pa kíkan bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́, bésì ni. Èyí tó bá yọ́ sínú omi nínú wọn là ń pè ní álíkálì. Pupa irin tó máa ń ba aṣọ funfun jẹ́, bésì ni. Omi kì í yọ́ ọ, ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń pa á. Olóògbé ní bí gbogbo lèmọ́mù ṣe jẹ́ Mùsùlùmí nìyẹn, tí gbogbo Mùsùlùmí kì í ṣe lèmọ́mù.

"Pa" yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́ṣẹ náà ni tipẹ́. Bí omi eérú bá le jù, wọ́n á ní ẹ fún ọsàn sí i kó pa á. Tíṣà fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí sódà kí wọ́n lè rí i. Abọ́ náà gbóná débi pé Àlájà Fàtímọ̀ jù ú sílẹ̀. Olóògbé fi àkísà gbé e, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kò gbàgbé mọ́: "Ìjà wọn gbóná ju àwọn fúnra wọn lọ. Lórí ara èèyàn, kò yẹ ká jẹ́ kí wọ́n pàdé."

Láti ọdún 1987 ni olóògbé ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́ṣẹ Ìwó. Wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin Kuta àti Olúpọ̀nnà bí a ṣe ń fi ìṣápá yẹ omi eérú wò kó tó kan epo. Ọ̀fẹ́ ni. Tíṣà Fáṣínà náà ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ wá lọ́dọọdún, títí ìjọba fi gbé e lọ sí ibòmíràn.

Ọdún 1991 ni ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ lókè ṣẹlẹ̀. Èèpo kòkó wọ́n lọ́dún náà, àwọn oníbàárà sì ń fẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ. Olóògbé ń lo sódà fún un, wọn kò sì fi pamọ́. Òfin wọn nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: sódà ni à ń bù sínú omi, a kì í da omi lé sódà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ọládùnní, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gbọ́ pé wọ́n ń pe òun. Ó ń kánjú. Ó da omi lé sódà. Ó hó, ó tú sókè, ó bo apá rẹ̀ ọ̀tún láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́.

Àwọn obìnrin tó wà lágbàlá mọ ohun tí gbogbo ọlọ́ṣẹ mọ̀, pé ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń pa sódà. Méjì nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọsàn. Olóògbé di ọmọ náà mú, wọ́n kígbe ọ̀rọ̀ kan sí àwọn obìnrin náà. Wọ́n ń da omi sí apá náà, korobá lé korobá, títí dúrọ́ọ̀mù ilé fi gbẹ, tí wọ́n tún sáré lọ pọn nínú kànga. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù.

Àlájà Fàtímọ̀ wà ní balùwẹ̀ nígbà náà. Ògiri ló wà láàrin àwọn àti igbe náà. Nígbà tí wọ́n jáde tí wọ́n rí apá ọmọ wọn, wọ́n sọ fún gbogbo ilé pé etí àwọn méjèèjì ni àwọn fi gbọ́ ọ tí Ṣìfáwù ń pariwo pé, "Ẹ máa pa á. Omi ni kẹ́ ẹ máa dà."

Ó bá ojú ẹni tó gbọ́ ọ mu. Ṣebí omi náà ló mú sódà hó. Ta ló tún ń da omi sí i bí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kọ́mọ kú? Àwọn tó wà lágbàlá, ariwo ti bò wọ́n. Ọ̀kan ní "omi" nìkan lòun gbọ́, èkejì ní òun kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ orogún.

Alfa Mùrí pe olóògbé. "Kí lo sọ?"

"Alfa, bí mo bá tún un sọ, wọ́n á ní mo ń wẹ ara mi mọ́. Ìyáálé mi gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀."

"Mo ti sọ tèmi," ni Àlájà Fàtímọ̀ dáhùn.

Àwọn ẹbí Àlájà Fàtímọ̀ mú Ọládùnní lọ. Ẹgbẹ́ ọlọ́ṣẹ fi ẹlòmíràn jẹ olórí. Lọ́jà, wọ́n ń pe ọṣẹ olóògbé ní ọṣẹ apọmọ. Olóògbé padà sídìí ajere, wọn kò fọwọ́ kan sódà mọ́ títí ayé wọn. Àwọn àti ìyáálé wọn ń kí ara wọn lówùúrọ̀, wọ́n ń bu ọbẹ̀ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n Àlájà Fàtímọ̀ kò ta ọṣẹ náà mọ́, wọn kò sì fi í wẹ̀. Ọṣẹ inú páálí ni wọ́n ń rà.

Ní ọdún 2002, Ọládùnní padà wálé. Ó ti di nọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ fún olóògbé níwájú Alfa àti ìyá tó bí i, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá wà níbẹ̀, ọwọ́ náà sì ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìwé tí wọ́n fi kọ́ àwọn sọ ọ́ kedere: bí álíkálì líle bá dà sára, omi púpọ̀ ni, kó máa ṣàn fún ìgbà pípẹ́. Omi díẹ̀ lórí sódà ń hó. Omi púpọ̀ ń gbé e lọ. Kíkan bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, torí ooru ìjà wọn á jó ẹran ara. "Ìyá mi," ó ní, "omi yín ló gba ọwọ́ yìí là." Wọ́n bi í léèrè ohun tí olóògbé sọ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ń ké, òun kò gbọ́. Gbogbo ojú yí sí Àlájà Fàtímọ̀. Ìyáálé dìde, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá.

Olóògbé jẹ́ Mùsùlùmí òdodo. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2006. Alfa Mùrí ti ṣáájú wọn lọ sọ́run ní ọdún 2011. Fún ogún ọdún ó lé, ọwọ́ olóògbé ni ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́sálásí àdúgbò ti ń wá. Eérú kòkó ni, wọ́n sì máa ń fi ìṣápá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n máa ń ní òkú kò lè sọ pé ọṣẹ ń ta òun, ẹni tó sè é ló gbọ́dọ̀ bá a mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá wọn dùbúlẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà tó mọ́, wọ́n ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n lò láyé. Nígbà tí àwọn obìnrin fẹ́ wẹ̀ wọ́n, Àlájà Fàtímọ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ní kí wọ́n mú àwọn wọlé. Wọ́n na ọwọ́ sí ọṣẹ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nìyí tí wọ́n ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Wọ́n fi wẹ orí, wọ́n sì fi wẹ ọwọ́ méjèèjì.

Àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ sáyé ni: ìyáálé wọn, Àlájà Fàtímọ̀ Oyèdàmọ́lá, àwọn ọmọ wọn: Badrudeen, Fọládé, Abdulqowiyy, àti Nọ́ọ̀sì Ọládùnní, tí olóògbé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ kúrò nínú iye ọmọ wọn rí, àwọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, lára wọn ni Mujeebah, tí ajere wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, Yọ̀mí àti Ayọ̀nitèmi, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Tolúlọpẹ́.

Kí ìwé yìí tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, a kà á sétí Àlájà Fàtímọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo ọmọ. Nígbà tí a dé ibi ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ lẹ́yìn ògiri balùwẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró níbẹ̀. Tèmi tí ẹ kọ yẹn, ìdajì ni. Ìdajì rẹ̀ ni mo sọ, ìdajì ni mo gbé mì. Apá ọmọ mi tí mo rí ló jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Má ni wọ́n sọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di máa. Sódà ni wọ́n ní kí wọ́n má pa, kì í ṣe ọmọ. Látọjọ́ tí Ọládùnní ti dé ni mo ti mọ̀, ojú ló ń tì mí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo Ìwó kà á."

A ti kọ ọ́. Àbẹ̀jẹ, ọmọ Olúpọ̀nnà, ẹ sùn re. Kí Ọlọ́run fẹ ibojì yín, kó fi ìmọ́lẹ̀ sí i, kó sì fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé yín. Ẹni tí ẹ ní kó tún un sọ ti tún un sọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín rèé, láti ẹnu ìyáálé yín:

"Ẹ fi ọsàn yẹn sílẹ̀. Ẹ má pa á. Omi ni kẹ́ ẹ máa dà."